Ọkọ̀ Tó Ń Mu Afẹ́fẹ́ Ibòmíràn

Ẹ̀rí mi kò ju ọwọ́ ọ̀tún mi yìí lọ. Àpá róńdó kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tó ẹnu ife omi. Ọdún kẹrin rèé, kò parẹ́. N kò ní búra fún ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó bá ń búra ṣáájú ọ̀rọ̀, irọ́ ló fẹ́ pa. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, ní ọ̀sán, pẹ̀lú èèyàn méjì mìíràn nínú yàrá kan náà.

Mẹkáníìkì ni mí. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ni mo mọ̀ jù, àwọn tó ti gbó débi pé àwọn mẹkáníìkì ìwòyí kì í fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Elétí ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe pé etí mi tóbi o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Páìpù rọ́bà kan ni mo ní, ó gùn tó apá méjì. Mo máa ń ki orí kan bọ etí, mo sì máa ń gbé orí kejì káàkiri ara ẹ́ńjìnnì. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń jò, mà á gbọ́ ọ, bí ìgbà tí èèyàn ń súfèé láàárín eyín. Kò sí bí atẹ́gùn ṣe fẹ́ fẹ́ kí n má rí fùrọ̀ adìyẹ.

Yàrá gígùn kan ni ṣọ́ọ̀bù mi, ó gba ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn irin tí a ń ká sókè ló wà níwájú rẹ̀. Fèrèsé kékeré kan wà lẹ́yìn, gíláàsì rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú ni Ọkọ Kékeré wa ọkọ̀ akẹ́rù kan wọlé. Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń pè é nìyẹn, àwa náà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ni ọkọ̀. Bàbá Ìbejì ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀rẹ́ mi ni. Èmi ni mo ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe láti ọjọ́ tó ti rà á. Dírẹ́bà tí kì í sáré ni, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbín ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà. Pákó já bọ́ lu ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nígbà kan, láti ìgbà náà ló ti máa ń wọ́ ẹsẹ̀ náà nílẹ̀ bó bá ń rìn.

Ọdún méjì ṣáájú òwúrọ̀ yẹn, ó kó páànù ìbolé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kò débẹ̀. Wọ́n rí ọkọ̀ náà lẹ́bàá títì, ní ìsàlẹ̀ òkè kan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn méjèèjì tì láti inú. Gíláàsì wà lókè pátápátá. Àwọn ọlọ́pàá ní láti fọ́ ọ̀kan kí wọ́n tó ráyè wọlé. Sálúbàtà rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréékì, ó tò ó síbẹ̀ dáadáa bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá ẹni ẹlẹ́ni. Fóònù rẹ̀ wà lórí ìjókòó. Òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n wá inú igbó, wọ́n wá etí odò, wọ́n wá a títí ó fi sú wọn. Àwọn kan ní ìyàwó ló sá fún. Mo bi wọ́n léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n rí ọkùnrin yẹn tó sáré rí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá ọkọ̀ padà fún ẹbí, Ọkọ Kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí wà á. Iyẹ̀pẹ̀, búlọ́ọ̀kù, pákó, ohun tó bá rí ló ń kó, torí ilé méjì ló ń jẹun lára ọkọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò lágbára mọ́. Ó ní bí òun bá fẹ́ gun òkè, ṣe ló máa ń rọ bí àkàrà inú omi. Ó ń gbóná. Ó ń kọ́sẹ̀. Iná pupa kan kì í kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ti gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mẹ́ta ní tòsí ilé rẹ̀, gbogbo wọn ní sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́, gbogbo wọn sì pààrọ̀ rẹ̀. Kò yí padà.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó dẹ́rù bà mí, ẹ ní láti mọ nǹkan kékeré kan nípa ẹ́ńjìnnì. Epo bẹntiróò ni oúnjẹ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló fi ń tì í. Àwọn méjèèjì ní ìwọ̀n. Bí epo bá pọ̀ jù, yóò máa tú èéfín dúdú. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, ara rẹ̀ yóò máa gbóná, agbára rẹ̀ yóò sì relẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ wá fi imú kan sínú páìpù tí èéfín ń gbà jáde. Imú yẹn ni sẹ́ńsọ̀. Yóò gbóòórùn èéfín, yóò sì sọ bóyá afẹ́fẹ́ ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá so mítà mọ́ wáyà rẹ̀, abẹ́rẹ́ mítà yóò máa fò sókè sódò, sókè sódò, bí ọmọdé tó ń fo okùn. Ara ọkọ̀ yá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá sùn sísàlẹ̀ tí kò dìde, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ kan ń gba ibì kan tí kò yẹ wọlé.

Mo so mítà mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ sùn sísàlẹ̀. Kò mira.

N kò yọ sẹ́ńsọ̀. Mo máa ń sọ ọ́ pé imú tó gbóòórùn ìgbẹ́ kọ́ ló yà á. Mo ta epo díẹ̀ sí ọ̀fun ẹ́ńjìnnì, ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, abẹ́rẹ́ fò sókè, ó sì tún padà sùn. Sẹ́ńsọ̀ kò purọ́. Mo yẹ páìpù èéfín wò, bóyá ó sán níbi kan tí afẹ́fẹ́ ìta fi ń yọ́ wọ inú rẹ̀. Kò sán. Mo wọn agbára tí pọ́ńpù fi ń ti epo. Ó pé. Fíìtà tó ń sẹ́ epo mọ́ tónítóní. Mo yẹ gbogbo rọ́bà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tẹ̀ wọ́n, mo yí wọn. Mo ń fín epo kíún-kíún sí gbogbo oríkèé, torí ibi tó bá ń jò, ẹ́ńjìnnì yóò fa epo náà mu, ohùn rẹ̀ yóò sì yí padà.

Ohùn rẹ̀ kò yí padà.

Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kí ó di ọ̀sán. Ó ń fẹ́ wọlé, ni mo bá fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀. Mo ti fi rọ́bà ńlá gbé èéfín ọkọ̀ gba ihò ara ògiri jáde, kó má baà pa wá. Mo tan gílóòbù. Ọkọ Kékeré jókòó sórí táyà kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń tòògbé.

Àyẹ̀wò kan kù tí kì í tàsé. Mo yọ ike fíìtà afẹ́fẹ́ kúrò, ọ̀fun ẹ́ńjìnnì sì ṣí sílẹ̀, ihò róńdó. Ibẹ̀ nìkan ló yẹ kí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé. Bí èèyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ẹ́ńjìnnì yóò kú. Bí ibì kan bá ń jò, yóò kú díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò kú. Ohun tó ń mí, bí a bá dí i nímú, tí a dí i lẹ́nu, kò lè pẹ́.

Mo fi ọwọ́ bò ó.

Ẹ́ńjìnnì kò kú. Kò tilẹ̀ kọ́sẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀. Mo wo mítà. Abẹ́rẹ́ ṣì sùn sísàlẹ̀. Ó ṣì ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù.

Mo dúró báyẹn, ó pẹ́. Mo ka ọgọ́rùn-ún. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò rí i rí.

Mo pa ọkọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ihò kan wà tí ojú mi kò rí. Èéfín ni mo fi ń wá irú rẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tí mo fi agolo ṣe, òróró ìpara ọmọ ọwọ́ ni mo máa ń sun nínú rẹ̀, torí èéfín rẹ̀ funfun, ó sì nípọn. Mà á ti èéfín náà sínú ọ̀fun ẹ́ńjìnnì, mà á dí ẹnu ibẹ̀, mà á wá dúró máa wòye. Ibi tó bá ń jò, ibẹ̀ ni èéfín yóò gbà yọjú. Kì í tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Mo ń ti èéfín wọlé. Ẹ́ńjìnnì ń gbà á. Kò sí ibi tó gbà yọjú, bíńtín. Mo wo abẹ́ ọkọ̀. Mo wo inú ibi ìjókòó dírẹ́bà. Mo wo ẹnu páìpù níta, nínú òjò. Kò sí nǹkan kan. Mo tún da òróró sí i. Ìgò òróró tán pátápátá. Èéfín tó tó láti kún ṣọ́ọ̀bù mi dé àjà ni mo tì sínú ẹ́ńjìnnì tí kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Mo tún tan ọkọ̀. Mo mú páìpù mi, mo ki orí kan bọ etí, mo gbé orí kejì sí ọ̀fun ẹ́ńjìnnì.

Mo gbọ́ ikọ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé Ọkọ Kékeré ni. Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ pa dé. Mo tún fetí sí i. Ìró ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀nà jíjìn, mo gbọ́ ibì kan tó fẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìgbà tí èèyàn fi etí mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn tó ṣófo. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹnìkan ń wúkọ́. Ikọ́ ẹni tí èéfín wọ̀ lọ́fun. Ó ń wú u, ó ń sinmi, ó tún ń wú u.

Mo jí Ọkọ Kékeré, mo fi páìpù sí i létí. Ó gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ, torí ojú rẹ̀ là gbòò. Ó yọ páìpù, ó nù ún, ó dá a padà fún mi.

Ó ní, "Fáàfù ẹ́ńjìnnì ló ń dún."

Mo ní, "Fáàfù kì í wúkọ́."

Ó tún jókòó sórí táyà, ó sì yí ojú sí ilẹ̀kùn.

Mo pa ọkọ̀, mo fi fóònù pe Ìyá Ìbejì. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. N kò sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Mo ní kó wá wo nǹkan kan lára ọkọ̀. Ó dé nínú òjò, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ṣì wà láyà aṣọ rẹ̀. Mo ká ilẹ̀kùn sókè fún un, mo sì tún fà á wálẹ̀. Ó kí Ọkọ Kékeré, ó kí mi, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo tan ọkọ̀, mo na páìpù sí i. Mo fẹ́ kí etí kan tí ẹnu mi kò tíì kọ́ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Ó fi sí etí. Ó dúró. Ó pẹ́ gan-an. Òjò ń lu páànù lórí wa. Mo rí i tí ojú rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa, bí ojú ẹni tó ń retí àlejò tó sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ó ní ẹnìkan ń rìn. Ó ní ẹsẹ̀ lásán ni, ilẹ̀ náà sì le. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ òsì rẹ̀ bá ohun tó ń gbọ́ lọ. Yóò gbá itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò dákẹ́, yóò wá fi ìka wọ́ aṣọ rẹ̀, ṣàrà. Yóò gbá a, yóò dákẹ́, yóò wọ́ ọ.

Èmi àti Ọkọ Kékeré wo ara wa. Ọdún mọ́kànlá ni ẹsẹ̀ yẹn fi ń wọ ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ta ni yóò sọ fún un pé kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ni?

Ó yọ páìpù létí, ó gbé e sẹ́nu.

"Bàbá Ìbejì."

Kò pariwo. Bí èèyàn ṣe ń jí ẹni tó sùn ló ṣe pè é. Ó tún yára gbé páìpù sí etí. Ó ní ó ti dúró. Ó gbé ọwọ́ sókè kí a má mira. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ń bọ̀." Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, "Ó ń sáré."

N kò lè ka ìṣẹ́jú tó kọjá. Ohun tí mo rántí ni pé ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀, kò sì parí. Ó ní ó ti sún mọ́ tòsí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní mímí rẹ̀ ń kúrú. Ó ń kúrú sí i. Ó wo ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ níwájú rẹ̀. Ó wo ọ̀fun rẹ̀, ó wá wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ọkọ̀ yìí ti ń rí afẹ́fẹ́ mí?"

Mo fẹ́ purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti wà lára kọ́kọ́rọ́. Mo pa ọkọ̀.

Ó gbá mi lápá mú, ó ní kí n tàn án padà, òun kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo kọ̀. Mo sọ fún un pé bí mo bá tàn án, afẹ́fẹ́ ẹnu ọkọ rẹ̀ ni yóò máa mu. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni òun náà ṣe ìṣirò tí mo ti ṣe. Ọdún méjì. Gbogbo iyẹ̀pẹ̀, gbogbo búlọ́ọ̀kù. Gbogbo òkè tí ọkọ̀ náà gùn pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí epo dúdú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ mí mọ́.

Ọkọ Kékeré dìde. Ó ní kí ni gbogbo ìranù yìí. Ó ní páìpù lásán ni, ìró adúgbò ló ń gbé wọlé. Ó ní òun ní ẹrù láti kó lọ́la, àti pé bí òun kò bá kó o, ọmọ márùn-ún ni kò ní jẹun. Ó ní kí n ká ilẹ̀kùn sókè. Ó gun orí ìjókòó, ó di kọ́kọ́rọ́ mú.

Mo ní, "Bí o bá tàn án, ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n rẹ lo ó fi wà á délé."

Kò yí i. Kò sì tú ọwọ́ sílẹ̀. Ìwájú kò ṣeé lọ fún un, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

Ìgbà náà ni mo rí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ó ti gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, ó sì nà gbọọrọ sí ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì ti kú. Kò sí fáànù. Àkísà tí mo fi ń nuwọ́ ń rìn nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ sábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Ìró òjò dínkù. Etí mi dí, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè gíga.

Ọ̀fun ẹ́ńjìnnì ló ń fà. Kò pariwo. Ó ń fa afẹ́fẹ́ yàrá, fífà kan ṣoṣo tó gùn, tí kò dúró.

Ọkọ Kékeré fò sílẹ̀, ó sáré sí ilẹ̀kùn. Irin náà ti tẹ̀ wọnú, ó há mọ́ ojú ọ̀nà rẹ̀. Ó fi èjìká gbé e, kò mira. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ náà kò sí lẹ́nu mi. Ojú mi ń ṣú. Gbogbo ohun tí mo rò ni bí yàrá náà ṣe kéré tó. Títí di ọjọ́ náà, mo rò pé yàrá ni mo kọ́, n kò mọ̀ pé ó tún lè jẹ́ àpótí.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọ̀fun náà. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó fà á mọ́ra, ó dun mí dé ìgbúnwọ́. Ṣùgbọ́n yàrá rọlẹ̀. Kàlẹ́ńdà padà sára ògiri. Mo mí. Ọkọ Kékeré mí.

Ìyá Ìbejì dìde nílẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ ọwọ́ yín."

Mo ní, "Yóò pa wá."

"Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìbejì mí."

N kò yọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tí kò sanra, ṣùgbọ́n ó ṣí wọn. Ojú rẹ̀ kò binú. Bí ìgbà tó ń tú aṣọ tó ṣì rán ni. Nígbà tó ku àtàǹpàkò, mo rí Ọkọ Kékeré tó gbé sípánà ńlá, tó sáré lọ sẹ́yìn. Ó jù ú lu fèrèsé. Gíláàsì fọ́ wọnú. Ọwọ́ mi kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, awọ àtẹ́lẹwọ́ mi sì ṣẹ́ kù síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìta rọ́ gba fèrèsé, pẹ̀lú òjò, ó gba àárín wa kọjá bí ohun tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Gbogbo rẹ̀ wọ inú ọkọ̀.

Ó dúró. Ọ̀fun náà kò fà mọ́, a gbọ́ òjò padà.

Ọkọ Kékeré ká ilẹ̀kùn sókè, ó rìn bọ́ sínú òjò, kò sì bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní ilé ìtajà kan ló ń ṣọ́ báyìí, ní ìlú mìíràn. Kì í wọ ọkọ̀ tó bá lè fi ẹsẹ̀ rìn. Ó máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Kò dé ọ̀dọ̀ wa mọ́ rárá.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń ti afẹ́fẹ́ wọlé fún Bàbá Ìbejì. Ẹ̀rọ tí mo fi ń pọ́ńpù táyà ni mo so mọ́ ọ̀fun ẹ́ńjìnnì. Wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan lọ́sàn-án, wákàtí kan kí n tó lọ sílé. Bí iná bá lọ, pọ́ńpù ọwọ́ ni. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, kò sì kún. Abẹ́rẹ́ tó ń ka agbára afẹ́fẹ́ a máa sọ̀ kalẹ̀ dé òdo, kì í sì í dá nǹkan kan padà. Bí a kò bá tì í, afẹ́fẹ́ yàrá yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí dínkù. A ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n kò ní tún un ṣe.

Ìyá Ìbejì kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Àwọn ará àdúgbò ní mo ti fi ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ṣaya. Ìyàwó mi gan-an ló máa ń gbé oúnjẹ wá fún àwa méjèèjì, yóò sì kí wọn lójú ọ̀nà kí wọ́n lè rí abọ́ méjì náà dáadáa. N kò gba ọkọ̀ mìíràn mọ́, torí àyè kò sí. Mọ́tò kéékèèké ni mò ń tún ṣe níta, nínú oòrùn. Nígbà tí ìyá mi kú, mo lọ sin ín, mo sì padà kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn àbúrò mi kò tíì dárí jì mí. Ọmọbìnrin mi àgbà ní eékún mi ti bàjẹ́, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo ní mò ń bọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ìró ẹ̀rọ yí padà. Mo wo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Rọ́bà wú. Afẹ́fẹ́ ń súfèé padà ní etí ibi tí mo so ó mọ́. Mo pa ẹ̀rọ náà kó má baà bẹ́.

Ìyá Ìbejì gbé orí sókè. Ó bi mí bóyá ó kún ni. Mo ní ó ṣeé ṣe.

Ó ní, "Àbí kí ni?"

N kò fẹ́ sọ ọ́, ó sì dúró títí mo fi sọ ọ́. Nínú iṣẹ́ mi, páìpù tí kò bá gba afẹ́fẹ́ mọ́, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni. Ibi tó ń lọ ti kún, tàbí ẹnìkan ti ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti mọ̀. Kí a tan ọkọ̀, kí a fi páìpù sí etí. Bí Bàbá Ìbejì bá wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú tí a bá fi gbọ́ ọ, inú afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ni a ó ti mú un. N kò mọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Ó lè jẹ́ gbogbo èyí tó kù. Bí kò bá sì sí níbẹ̀ mọ́, a ó gbọ́ gbọ̀ngàn tó ṣófo, a kò sì ní mọ̀ bóyá ó jáde ni, tàbí a pẹ́ jù.

Ìyá Ìbejì tú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kúrò ní ìdí aṣọ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì ìránṣọ, ó ní ohun tí mo bá ṣe, òun fara mọ́ ọn. Mo sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ni, òun ni kó pinnu.

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́fà. Kọ́kọ́rọ́ náà wà láàárín àwọn òwú. A ń kí ara wa láàárọ̀, a ń jókòó, a ń wò ó. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì kàn án.